Ìkóódẹ Mẹ́tàdínlógún

Ìnsípẹ́kítọ̀ Mojírádé kò tíì jókòó tó fi da ìkóódẹ mẹ́tàdínlógún náà sórí tábìlì. Ó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, bí ẹni ń sá ata sórí àpáta. Rachael dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀.

"Ẹ súnmọ́ ibí, Ìyá Favour. Ìrù ẹyẹ lásán ni."

Rachael sún ẹsẹ̀ kan. Láti ojú fèrèsé ó ń wo ọkọ̀ ọlọ́pàá lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń wo orí Pius ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tó tẹ̀ ba bí orí ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá lù, wọn yóò gbé e lọ sí Adó lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Rachael mọ ibi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Kò lè dárúkọ ibẹ̀, kódà nínú ọkàn ara rẹ̀.

Kọ́pùrà Àrẹ̀mú, tó bá ọ̀gá rẹ̀ wọlé, wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Màdáàmù, aago méjì ààbọ̀ ti kọjá o. Kí la tún ń wá? Akínwándé gáàdì ń ṣọ́ odídẹrẹ́ lórí Òkè Odídẹ. Wọ́n bá òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ àpáta ní Sátidé. A bá ìkóódẹ nínú àpò Pius ní Mọ́ńdè. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè ro ìyẹn pọ̀."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi í sílẹ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Bá mi ṣí fèrèsé yẹn dáadáa. Mo fẹ́ ìmọ́lẹ̀."

Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nìyí, àwọn ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò tíì pọ̀, nítorí náà òun ni wọ́n rán wá sí Ìṣẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ohun tó sì ń já Rachael láyà jù nìyẹn. Ẹni tó bá ń pariwo, èèyàn a mọ ibi tí ariwo rẹ̀ yóò dé. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ta ló mọ ohun tó ti rí?

"Irú iṣẹ́ wo ni ìdílé ọkọ yín ń ṣe fún ààfin?"

"Àwọn ni wọ́n ń ṣa ìkóódẹ, mà. Láti ayé baba ńlá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ tún adé ṣe, tàbí tí ìjòyè tuntun bá fẹ́ jẹ, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí."

"Ẹ ní wọ́n ń ṣà á. Wọn kì í tu ú?"

"Háà, rárá o!" Ó gbàgbé ẹ̀rù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Wọn kì í fọwọ́ kan ẹyẹ. Abẹ́ igi tí àwọn ẹyẹ ń sùn sí ni wọ́n ń lọ láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fò lọ jẹun. Èyí tó bá já sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú. Wọ́n ní ohun tí odídẹrẹ́ kò bá fi sílẹ̀ fún ẹ, bí o bá fi ipá gbà á, ilé rẹ ni yóò ti wá gbà á padà."

Àrẹ̀mú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ àgbà dára. Àmọ́ ebi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà."

"Àrẹ̀mú, ìwọ náà jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì lónìí, o ò sì pa ẹnikẹ́ni." Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Rachael. "Ẹ bá mi mú èyí tí ọkọ yín tọ́jú fún ààfin wá."

Rachael gbé àdó kékeré kan jáde láti inú yàrá. Ata gbígbẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìkóódẹ nínú rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣí i, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, Àrẹ̀mú ní, "Ẹ pẹ́ láyé o, màdáàmù." Ó fa ìyẹ́ kan yọ nínú àdó, ó mú ọ̀kan lórí tábìlì, ó gbé ìdí àwọn méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ wò ó fún mi. Báwo ni ìdí ti inú àdó ṣe rí?"

"Ó funfun, mà. Ó gbẹ."

"Ti inú àpò ọkọ yín ńkọ́?"

Rachael tẹjú mọ́ ọn. "Ó dúdú. Ó dà bí... ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ni. Awọ ẹyẹ ṣì lẹ̀ mọ́ òmíràn nínú wọn. Èyí kò já fúnra rẹ̀. Wọ́n fà á tu lára ẹyẹ tó wà láàyè. Ìrù odídẹrẹ́ kan kì í sì ju ìyẹ́ méjìlá lọ, nítorí náà ó kéré tán, ẹyẹ méjì ni wọ́n tu nírù. Ẹ fọwọ́ kan eteetí rẹ̀ níbí."

Ìka Rachael lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ náà. Àtè ni, oje igi tí àwọn apẹyẹ ń sè títí yóò fi ki, tí wọ́n á fi kun ẹ̀ka kí ẹsẹ̀ ẹyẹ lè há sí i.

"Ọmọ ìdílé aṣa-ìkóódẹ kò ní kó irú èyí pamọ́ sínú àpò tó gbé kọ́ sórí ìṣó nínú yàrá ara rẹ̀," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹlòmíràn ló kó o síbẹ̀. Onítọ̀hún rò pé pupa ni gbogbo pupa."

Ó yẹ kí inú Rachael dùn. Ṣùgbọ́n ìrètí wọlé, ẹ̀rù sì tẹ̀lé e wọlé, nítorí pé ohun kan wà tí òun mọ̀ tí obìnrin yìí kò tíì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òun rò.

"Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé yẹn ńkọ́?"

Rachael di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Aṣọ oko ni, mà."

"Mo mọ̀. Mo fi imú kàn án bí mo ṣe ń bọ̀. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Ta ní ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ aṣọ oko, Ìyá Favour? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fọ̀ ọ́?"

Láti àárọ̀ Sátidé tí Pius ti wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, tí kò sọ ju "Fọ̀ ọ́, má bi mí" lọ, Rachael kò tíì sun oorun wákàtí kan. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dijú ló ń bi ara rẹ̀ pé ta ni ọkùnrin tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ló wí, omijé sì bọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n..."

"Màdáàmù!" Àrẹ̀mú ti fò dìde. "Ó parí nìyẹn! Ẹ̀jẹ̀!"

"Jókòó. Apá ibo lẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù náà?"

"Àyà, mà. Àyà àti èjìká òsì."

"Kò kan apá ọwọ́?"

"Kò kàn án."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "Àrẹ̀mú, ìwọ lo lọ wo ibẹ̀. Ibo lẹ̀jẹ̀ wà? Lókè àpáta tàbí nísàlẹ̀?"

"Nísàlẹ̀ ni."

"Ẹni tó ti èèyàn ṣubú láti orí àpáta, òkè ló dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ kì í gun òkè lọ bá a. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá kan láyà àti léjìká ni ẹni tó gbé ọkùnrin náà, tó fi èjìká gba orí rẹ̀ bí ìyá ṣe ń gba orí ọmọ. Pius fẹ́ gbé e délé ni. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀rù bà á, ó sá."

"Kí ló dé tí kò wí bẹ́ẹ̀, nígbà náà?" ni Àrẹ̀mú bi í. "Ọjọ́ kejì rèé tí mo ti ń bi í!"

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó jáde lọ bá Pius. Rachael dúró lójú fèrèsé, ó ń gbọ́ ohùn wọn.

"Pius, kí lo lọ ṣe lórí òkè?"

"Mo lọ ṣa ìkóódẹ. Mo bá a nílẹ̀, mà."

"Ṣé ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Pius gbé ojú sókè. Kò wo obìnrin náà. Fèrèsé ló wò, ojú rẹ̀ sì bá ti Rachael pàdé. Ìwò náà kò ní ìbínú, kò sì ní ẹ̀bẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọmọ tó ń sùn tí kò fẹ́ jí i. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

"N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn, mà. Ẹ máa gbé mi lọ."

Ẹ̀rù tó ba Rachael lákòókò yẹn ju gbogbo ti ìṣáájú lọ. Kí ni ọkọ rẹ̀ mọ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ pé òun ló wò?

Ìnsípẹ́kítọ̀ padà wọlé, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá wé. "Ìwé Akínwándé rèé. Ọdún kẹta rèé tó ti ń gun òkè yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè láti ka odídẹrẹ́ tó bá wálé sùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Ọdún tó tẹ̀lé e, àádóje. Fúráìdè tó kọjá..." Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. "Mọ́kànlélógójì."

"Bóyá wọ́n kó lọ síbòmíràn ni," ni Àrẹ̀mú wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Ó dá ẹ lóhùn síbí. Ó ti kọ lẹ́tà tí ì bá fi ránṣẹ́ sí Adó." Ó kà á jáde: "'Ọ̀gá mi, ẹyẹ tó bá ń kó lọ a máa lọ lágbo. Àwọn wọ̀nyí ń dín díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ tó wà lójú omi. Ìyá ẹyẹ kan kì í sì yé ju ẹyin mẹ́ta mẹ́rin lọ lọ́dún, inú ihò igi ńlá ló ń yé e sí, àwọn igi náà sì ń tán. Bí a kò bá ti òkè yìí mọ́ àwọn tó ń dẹ àtè, ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́dún yìí kò ní gbọ́ ohùn odídẹrẹ́ láé, àfi nínú kéèjì.'"

Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. "Òfin ti wà tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wọn tà. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rí pé wọ́n ń tán. Akínwándé ti ní in lọ́wọ́. Ẹni tó ń kó wọn lọ tà kò lè jẹ́ kí ìwé yìí dé Adó. Ìyá Favour, níbo ni ọkọ yín wà ní ìdajì oṣù Júláì?"

"Ògòtún, mà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò níbẹ̀."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, odídẹrẹ́ mẹ́tàlélógún ló dín lórí òkè. Pius kọ́ ló ń dẹ àtè. Ẹni náà wà nítòsí, ó ní ọkọ̀ tó lè gbé kéèjì jáde ní ìlú, ó sì mọ ibi tí Pius ń gbé àpò rẹ̀ kọ́ sí. Ẹ rántí dáadáa. Láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè, ta ló wọ ulé yìí?"

Rachael ronú. Ó ronú tọkàntọkàn, bí ẹni tí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ èsì kan.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, mà. Lẹ́yìn ìròyìn yẹn, kódà àwọn aládùúgbò ò yà kí wa mọ́. Kò sí ẹnì kan."

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ.

"Ẹ kú ulé o!"

Adégbóyèga ló wọlé, ẹ̀gbọ́n Rachael, ọkùnrin gíga tó ń ra kòkó kiri Ìṣẹ̀ títí dé Ẹmùré. Ó gbé búrẹ́dì méjì dání. Rachael kúnlẹ̀, ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án lórí. "Dìde, ọmọ ìyá mi. Búrẹ́dì yìí, Pius ni kí ẹ fún, ọ̀nà Adó jìn." Ó yíjú sí àwọn ọlọ́pàá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àna mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìjọba ni ìjọba. Rachael, má sunkún mọ́. Èmi wà níbẹ̀. Mo tọ́ ọ nígbà kan, n ó tún tọ́ ìwọ àti Favour."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe ìka yín?"

"Èyí? Àdá ni. Mo ń la kòkó."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò wo ìka náà pẹ́. Aṣọ tí wọ́n fi dì í ló ń wò, aṣọ búlúù olódòdó yẹ́lò. Lẹ́yìn náà ó wo etí ìró tó wà nídìí Rachael. Búlúù ni, olódòdó yẹ́lò, wọ́n sì ti ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò létí rẹ̀.

"Ìyá Favour, ẹ ní ẹnikẹ́ni ò wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Aṣọ yín ló wà lọ́wọ́ wọn."

"Háà, mà, bùrọ̀dá mi nìyẹn. Wọ́n wá jẹ iyán lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n sì sùn díẹ̀ nínú yàrá. Wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni..."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí etí rẹ̀ fi gbọ́ ọ. Inú yàrá. Ìṣó. Àpò. Ara rẹ̀ tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá da omi odò lé èèyàn lórí láàárọ̀ ọyẹ́.

Adégbóyèga rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n jẹ iyán nílé àbúrò mi?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká rí ọgbẹ́ náà."

"Dókítà ni yín? Ọgbẹ́ mi kò kan ìjọba." Ó ti mú ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò bá a jà. Ó yíjú, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyá Favour, ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ dì í. Kí lẹ rí?"

"Rachael," ni Adégbóyèga wí.

Orúkọ rẹ̀ nìkan ló pè. Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje, nígbà tí ìyá wọn kú tó sì pọ̀n ọ́n láti Ẹmùré dé Ìṣẹ̀, tó ń sọ fún un lójú ọ̀nà pé kó má bẹ̀rù ẹranko, òun wà níbẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló di ọwọ́ òun mú kọ A, B, D. Ọwọ́ yẹn ló fa òun lé Pius lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Kò sí ọjọ́ kan tí òun bi í léèrè ọ̀rọ̀ rí. Ta ní ń bi baba léèrè?

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Pius wúkọ́.

"Kì í ṣe ojú àdá," ni Rachael wí.

Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Àrẹ̀mú fi tẹ̀ síwájú.

"Ojú àdá a máa gùn. Èyí, ihò méjì ni, ọ̀kan lókè ìka, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Ó jìn. Mo rí i pé nǹkan tó ní àgógó ló gé wọn jẹ. Oje dúdú sì wà lábẹ́ èékánná wọn, omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, epo pupa ni mo fi nù ún. Wọ́n ní oje rọ́bà ni." Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò dúró. "Irú èyí tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ níbí láìpẹ́ yìí ni, mà. Òun náà ni."

Adégbóyèga wá àga tó súnmọ́ ọn, ó jókòó sórí rẹ̀ bí arúgbó.

"N kò fẹ́ pa á," ló wí níkẹyìn. "Ó di kéèjì mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun ti kà wọ́n, ó ń dárúkọ iye rẹ̀ fún mi léraléra, bí ẹni ka ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn. Mo já kéèjì gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀."

"Ìkóódẹ tó wọ àpò àna yín ńkọ́, sà?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í. "Ìyẹn náà yọ̀ ni?"

Adégbóyèga wo búrẹ́dì tó gbé wá.

"Àwọn ẹyẹ dà?"

"Mọ́kànlá ló kù. Ilé kòkó mi, lọ́nà Ọ̀rùn." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ fún wọn lómi. Láti àná ni n kò ti débẹ̀."

Àrẹ̀mú jáde lọ tú Pius sílẹ̀. Nígbà tí Pius wọlé tó ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀, Rachael kò lè súnmọ́ ọn. Ó dúró síbi tó wà.

"O mọ̀?"

"Akínwándé dárúkọ wọn fún mi kó tó kú."

"Wọn ì bá pa ọ́, Pius! Kí ló dé tí o ò sọ?"

Pius wo ọkùnrin tó jókòó náà, nígbà tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ tẹrí ba díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe níwájú àna. "Àwọn ló fi ọ́ fún mi," ló wí. "Báwo ni n ó ṣe fi ẹnu yìí gba wọ́n lọ́wọ́ rẹ?"

Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí Adégbóyèga lọ́wọ́ níwájú, nítorí ìka tó ń dùn ún. Ó rìn kọjá lára Rachael láìwo ojú rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ó dúró, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, kò sì rántí ohun tó jẹ́.

Eékún Rachael tẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tíì mọ̀ tó fi bá ara rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ máa lọ ire, bùrọ̀dá mi," ló wí, bó ti ń wí láti ọmọ ọdún méje. Ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ìró ọkọ̀ náà fi rọlẹ̀ lọ́nà Adó, Pius kò sì fà á dìde.